Ẹ̀yin tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ l'Ékòó, kí lẹ ń fi í ṣe gan-an?

Ọmọ Bàríga:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà ìtẹ̀wé kan ní Bàríga, ọ̀sẹ̀ kejì rèé. Ọ̀gá mi ní kí n gbé FileZilla sórí kọ̀ǹpútà kí n máa fi kó iṣẹ́ lọ fún àwọn atẹ̀wé. Mo gbé e sí i. Mo ṣí i, mo rí àpótí méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, mo bá tún tì í. Mo ti bi èèyàn mẹ́fà pé kí ni nǹkan yìí wà fún. Ẹnì kan ní Xender ló dáa jù. Ẹnì kan ní Google Drive ni. Òmíràn ní kí n yé da ara mi láàmú, WhatsApp ti tó. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé ohun tí èmi ń fi ṣe rèé. Ṣé lóòótọ́ ni WhatsApp ti tó?

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Kò tó, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ dáa ju ìdáhùn tí wọ́n fún ọ lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, "èwo ló dáa jù" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, èébú ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó dúró ní Òyìngbò tó ń béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ Márúwá sàn ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Níbo lo ń lọ ná? Torí náà, mo bẹ gbogbo ẹni tó bá máa dá sí i: ẹ má tíì dárúkọ ààpù yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ẹ fi ń ṣe. Ta ló fi nǹkan ránṣẹ́, kí ni nǹkan náà, ta ló gbà á, kí ló bàjẹ́ lọ́nà. N ó fi tèmi ṣáájú.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, jọ́tà, ìwé ètò ìsìnkú. Lọ́dún kan, àwọn ọmọ olóògbé kan fi fọ́tò ìyá wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n ní kí n fi ṣe bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Lójú fóònù, fọ́tò náà ń dán gbinrin. Nígbà tí bánà jáde nínú ẹ̀rọ, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Iyùn ọrùn ìyá náà ti di onígun mẹ́rin, bí ṣúgà tí wọ́n tò sínú páálí. O ò lè mọ ibi tí ìpéǹpéjú parí sí tí ojú ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tó jẹ́ MB 5 nínú kámẹ́rà, KB 90 péré ni nígbà tó dé ọwọ́ mi. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, Ọjọ́bọ̀ la wà yìí. Owó ara mi ni mo fi tẹ òmíràn, torí n kò béèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó ki iṣẹ́ bọ ẹ̀rọ.

WhatsApp kò jí nǹkan kan. Ńṣe ló ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́ rìn, torí ojú fóònù ló rò pé wọ́n ti máa wò ó. Bí wọ́n bá fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́ ní ojú ibi tí wọ́n kọ "Document" sí, odindi rẹ̀ ló máa dé. Fóònù kan náà, WhatsApp kan náà, ẹnu ọ̀nà ló yàtọ̀. Látọjọ́ náà, mo ti kọ ọ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi: KÒ SÍ FỌ́TÒ, DOCUMENT NI.

---

Ọmọ Àkọkà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fẹnu ara yín dáhùn nìyẹn. Ẹ fi ṣe "Document", ó parí. Láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti ń gba fáìlì tó tó GB 2. Kí ló tún kù?

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Ó kù púpọ̀. Bó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo, tí a fẹ́ lò lónìí tí a ò tún ní wá a mọ́, gbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kéékèèké mi ń gbà wọlé, n kò bá a jà.

Ó wá di ọjọ́ tí ayàwòrán kan ní Sùúrùlérè fẹ́ kí n ṣe álúbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó. Fọ́tò 1,400. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó MB 25, torí bí kámẹ́rà ṣe yà á gẹ́lẹ́ ni, kò tíì sí ẹni tó fún un pọ̀. GB 35 nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà láìnídìí. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ta 10 Mbps fún àwọn, àmọ́ MB kan àti díẹ̀ ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á ní olè ni wọ́n. Kì í ṣe olè. "b" kékeré ni wọ́n fi kọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bíìtì ni. "B" ńlá ni wọ́n fi kọ ti fáìlì, báìtì ni. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan. 10 Mbps máa ń di MB 1.25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ayàwòrán yẹn bá ń gbé GB 35 gòkè lórí 10 Mbps, wákàtí mẹ́jọ ló kù díẹ̀ kó pé, bí iná ò bá ṣẹ́jú. Èmi àti ẹ̀yin la jọ mọ̀ pé iná á ṣẹ́jú.

Kí la wá ṣe? Ó da gbogbo rẹ̀ sínú háàdì dráìfù, ó wé e sínú nylon méjì, ó gbé e fún ọlọ́kadà dispatch. Pẹ̀lú gbogbo gosíló Ojúẹlẹ́gba, ogójì ìṣẹ́jú ló fi dé Ṣómólú. Ẹ tún ṣírò ìyẹn: GB 35 ní ogójì ìṣẹ́jú, ó lé ní 110 Mbps. Ta ló ń fún yín ní 110 Mbps láti gbé nǹkan gòkè l'Ékòó? Ọ̀kadà náà ni.

---

Wẹ́ẹ̀bù Yábàá:

Mo ti ń kà á látàárọ̀, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀kadà yìí ń bí mi nínú. Bí òjò bá pa dráìfù yẹn ńkọ́? Bí ọlọ́kadà bá gbé e lọ ńkọ́? Gbogbo ìgbéyàwó èèyàn ló wà níbẹ̀, kò sí páásíwọ́ọ̀dù lórí rẹ̀. Àti pé iṣẹ́ tèmi kò gba ọ̀kadà. Wẹ́ẹ̀bù ni mò ń ṣe ní Sábó, Jámánì ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ìkẹ́rùsí tí mò ń kó iṣẹ́ sí, wà. Ọ̀kadà wo ló ń lọ Jámánì?

Ohun tí mò ń fi ṣe rèé, bí ẹ ṣe ní ká sọ. Lálaalẹ́, tí mo bá ti ṣe àtúnṣe sí wẹ́ẹ̀bù oníbàárà, rsync, ààpù kan tí àṣẹ títẹ̀ ni wọ́n fi ń lò ó, ni mo fi ń gbé e lọ. Kì í gbé gbogbo ilé. Ó máa fi tibí wé tọ̀hún, apá tó yàtọ̀ nìkan ló máa gbé. Fódà GB 3, ó lè jẹ́ MB 2 péré ló máa rìn. Àwọn méjì ní Australia, Andrew Tridgell àti Paul Mackerras, ló ṣe é ní 1996, ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn náà ń wọ́ tuurutu bíi tiwa. Lójú mi, ó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó tó ń ra dátà mọ̀ ọ́n lò.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

O jàre lórí páásíwọ́ọ̀dù. Mo gbà, mo sì ti ń ṣe é: wọ́n ń ti dráìfù náà pa kó tó jáde nílé, a sì ń sọ páásíwọ́ọ̀dù lórí fóònù. Ẹ̀dà ni ọlọ́kadà ń gbé, ojúlówó wà lọ́dọ̀ ayàwòrán. Ẹni tó bá gbé ojúlówó rẹ̀ fún ọlọ́kadà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣera rẹ̀.

Àmọ́ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ rsync? Ìyá tó ń ta léèsì á jókòó máa tẹ àṣẹ sínú ojú dúdú lóru? Ohun tó bá ìwọ mu ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí olúkúlùkù sọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn. Ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ ṣá, fódà ìṣirò owó mi tí mò ń tún gbé gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́ ti rí oògùn.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Ọmọ Bàríga, padà síbí, a ti fi ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpótí méjì.

Àpótí òsì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ, ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ. Àpótí ọ̀tún ni ilé ìkẹ́rùsí tó wà lọ́nà jíjìn, ìyẹn sáfà atẹ̀wé tàbí ti ọ̀gá rẹ. Ọ̀tún máa ṣófo títí wàá fi fún un ní àdírẹ́sì, orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Bó bá ti wọlé, o fa fáìlì láti òsì sí ọ̀tún, o ti fi ránṣẹ́ nìyẹn. O fa á láti ọ̀tún sí òsì, o ti gbà á nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìlà tí àwọn fáìlì tò sí, tí wọ́n ń dúró de kí ó kàn wọ́n. Ibẹ̀ ni kí o máa wò, kì í ṣe òkè.

Bí ojú rẹ̀ ṣe dà bí ti àtijọ́, àtijọ́ náà ni. Ọmọ Jámánì kan, Tim Kosse, ló bẹ̀rẹ̀ FileZilla ní 2001, ọ̀fẹ́ ni títí dòní. FTP tó gùn lé, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé fáìlì fún ara wọn, sì dàgbà ju ìyẹn lọ fíìfíì: oṣù kẹrin 1971 ni Abhay Bhushan kọ ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà. Nígbà yẹn, àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kéré débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn tán, bí adúgbò tí kò sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni páásíwọ́ọ̀dù fi ń rìn ní ìhòòhò nínú rẹ̀. Bí o bá jókòó sórí Wi-Fi ọ̀fẹ́ ní ilé oúnjẹ kan tí o ń lo FTP lásán, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ní tábìlì kejì lè ka páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá rẹ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ní 2021, Chrome àti Firefox, àwọn ààpù tí a fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, méjèèjì ló yọ FTP kúrò nínú ara wọn. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti ní kí o yan, yan SFTP, èyí tó ń ti gbogbo rẹ̀ pa lójú ọ̀nà. Ojúlé 22 ("port" ni wọ́n kọ ọ́) ni ìyẹn ń gbà, FTP àtijọ́ ń gba 21. Bí sáfà atẹ̀wé yín kò bá gba SFTP, sọ fún ọ̀gá rẹ kó bi wọ́n léèrè ìdí.

Mo ní àṣìṣe tèmi níbẹ̀. FTP ní ọ̀nà méjì tó ń gbà gbé nǹkan: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ lásán, èyí tó máa ń tún ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan kọ kó bá kọ̀ǹpútà kejì mu, èkejì máa ń gbé e bó ṣe wà gan-an. Nígbà kan, ayàwòrán kan fún mi ní lógò tí orúkọ fáìlì rẹ̀ kò ní ìdí: kò sí ".pdf", kò sí ".tif", "lógò" ṣá. FileZilla mi rí i pé kò ní ìdí, ó pè é ní ọ̀rọ̀ lásán, ó ń tún ìlà kọ nínú àwòrán. Nígbà tó dé ọ̀hún, kò ṣí. Mo rán an lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kò ṣí, mo ti fẹ́ bá ayàwòrán náà jà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo wo inú ètò rẹ̀, mo rí i pé èmi ni mo yẹ kí n sọ fún un pé "Binary" ni, ìyẹn ọ̀nà kejì yẹn. Ẹ máa fi ìdí sí orúkọ fáìlì o.

Orúkọ fáìlì yìí gan-an, ẹ jẹ́ n pariwo díẹ̀. Ìwé ìpè FINAL. Ìwé ìpè FINAL 2. Ìwé ìpè FINAL GANGAN. Ìwé ìpè FINAL LO ÈYÍ. Mo ti tẹ 500 ìwé ìpè tí ọjọ́ ìgbéyàwó inú rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ fi ọjọ́ àti nọ́mbà sí i, ẹ sinmi.

---

Alhaja Aláṣọ:

Bùrọ̀dá atẹ̀wé, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣe ń sọ ọ́. Èmi ń ta léèsì àti àǹkárá ní Balógun. Fóònù ni mo ní. Ọdún tó kọjá ni wọ́n yọ ọ́ nínú báàgì mi nínú bọ́ọ̀sì Ọbáléńdé. Mo ti ra fóònù mìíràn, ìyẹn ò dùn mí. Fọ́tò rìsíìtì ọdún méjì ló dùn mí, àti ti àwọn tó jẹ mí lówó aṣọ ẹbí. Wọ́n ní n kò ní ẹ̀rí. Ẹ sọ èyí tó kan irú wa.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Alhaja. Ẹ má bínú. Tiyín gan-an ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀, torí àwa tó kù ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ni, ẹ̀yin fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ara yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa sọ fún yín ni Google. Kò burú: GB 15 ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Gmail, fọ́tò àti fáìlì ló jọ ń jẹ nínú abọ́ kan náà. Pẹ̀lú fídíò léèsì tí ẹ ń yà, á kún kíákíá, ẹ ò sì ní mọ ọjọ́ tó dẹ́kun gbígbà.

Èyí tí màmá mi ń ṣe ni n ó sọ. Ó ń ta bàtà ní Ìdúmọ̀tà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àbúrò mi wà nílé. A gbé ààpù kan tí wọ́n ń pè ní LocalSend sórí fóònù ìyá wa àti sórí kọ̀ǹpútà náà, ọ̀fẹ́ ni. Alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì á wà lórí Wi-Fi kan náà. Ìyá á ṣí i, orúkọ kọ̀ǹpútà á jáde níwájú rẹ̀, á yan àwọn fọ́tò ọ̀sẹ̀ yẹn, á tẹ orúkọ náà, àbúrò mi á gbà á. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, kò jẹ dátà kan báyìí. Bí ẹ ò bá ní Wi-Fi nílé, ẹ ṣí hotspot fóònù yín kí kọ̀ǹpútà wọ orí rẹ̀, bákan náà ni, dátà ò ní jẹ torí nǹkan náà ò jáde nínú yàrá. Ẹ ṣí fódà kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó bá jẹ yín lówó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rí.

---

Ọmọ Àkọkà:

Ohun tí Xender ń ṣe náà nìyẹn! Àwa ní yunifásítì, ẹnì kan ló máa fi dátà gba ìwé kọ́ọ̀sì, ogún èèyàn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nínú kíláàsì. Ká má lo Bluetooth ṣá, fíìmù kan á gba odindi ọ̀sán.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Bẹ́ẹ̀ ni, ilé kan náà ni wọ́n. Bluetooth ń rìn ní nǹkan bí 2 Mbps. Fíìmù MB 700, ó tó ìṣẹ́jú 45, kí ẹ máa mú fóònù méjèèjì sún mọ́ra bí ìbejì. Àwọn ààpù yìí ń gba orí Wi-Fi láti fóònù sí fóònù, wọ́n máa gbé e ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó dàgbà nínú wa ṣì rántí infrared, tí fóònù gbọ́dọ̀ kọjú síra bí àwọn tó ń ṣàdúrà.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ sọ: ìwé àti fíìmù, ẹ máa pín in. Ààpù, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ara yín bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan á ní òun ní WhatsApp aláwọ̀ góòlù, ẹ̀yin ogún á gbà á. Ta ló ṣe é? Kí ló wà nínú rẹ̀? Fóònù tí báǹkì yín wà lórí rẹ̀ ni o.

Ibi tí mo ti gba ọ̀rọ̀ Wi-Fi abẹ́lé yìí gbọ́ ni 14 oṣù kẹta 2024. Ọjọ́ náà ni okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, já lẹ́yìn odi Abidjan. Gbogbo Èkó dákẹ́. Ààpù báǹkì ò ṣí, ìméèlì ò lọ, àwọn oníbàárà mi ń pariwo lórí fóònù pé àwọn ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Sí ibo? Nínú ṣọ́ọ̀bù, rọ́tà wa, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, ń tan iná rẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀. Àwọn tó bá wá fúnra wọn, a ní kí wọ́n wọ Wi-Fi wa, wọ́n á tì í sí wa láti fóònù wọn, pléètì ìtẹ̀wé á jáde. Ayàwòrán kan láti Fádèyí rìn wá fẹsẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábẹ́ abíyá. Ó gbé MB 900 fún wa kí tíì rẹ̀ tó tutù. Àwọn ará iwájú ilé wa tó gbé gbogbo iṣẹ́ wọn sórí ìkùukùu ("cloud", ìyẹn sáfà orí íntánẹ́ẹ̀tì) jókòó síta, wọ́n ń ta ayò.

---

Gẹ́rọ́ Fídíò:

Ẹ fi ìbéèrè kékeré jì mí. Fídíò ìsìnkú tí mo ṣe, GB 6. Fláàṣì mi, GB 32, òfìfo ni. Ó ní kò sí àyè. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ní Ìkẹjà?

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Ó lè má jẹ́ ayédèrú. FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí fláàṣì ń gbà to fáìlì, ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Ìyẹn kì í gba fáìlì kan tó bá ju GB 4 lọ, bó ti wù kí àyè pọ̀ tó. Kó ohun tó bá wà nínú rẹ̀ kúrò, fi exFAT tún un ṣètò ("Format" ni wọ́n kọ ọ́), á gbà. Àmọ́ kọ́kọ́ bi ẹni tó máa wo fídíò náà bóyá tẹlifíṣọ̀n wọn ń ka exFAT, àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan kì í kà á. Bí kò bá kà á, gé fídíò náà sí méjì: ìsìn lọ́tọ̀, àríyá lọ́tọ̀. Wọn ò tilẹ̀ ní jókòó wo ìsìn.

---

Wẹ́ẹ̀bù Yábàá:

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ òótọ́: ẹ̀yin onítẹ̀wé àti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, àwọn fáìlì tí a fi ránṣẹ́ sí yín, níbo ni wọ́n ń lọ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán? Mo lọ tẹ ìwé kan láìpẹ́ yìí, ojú kọ̀ǹpútà wọn kún fún NIN àti sẹ́tífíkéètì èèyàn. Mo rí ọjọ́ ìbí obìnrin tí mi ò mọ̀ rí.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

O dá mi lẹ́bi, mo sì jẹ̀bi. Bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn títí di bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ká sọ òótọ́, ọ̀lẹ ni. Oníbàárà á padà wá ní oṣù mẹ́fà pé kí n tún tẹ ti ìjelòó, mo wá ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà láti 2023, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú rere mọ́. Ní báyìí, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni à ń pa gbogbo ohun tó ní NIN, pásípọ́ọ̀tù tàbí àkáǹtì nínú, títí kan èyí tó wà nínú fódà tí WhatsApp ń dà á sí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Àwọn kan nínú wa ní Ṣómólú ṣì ń bá mi jiyàn pé oníbàárà ló ni ẹrù rẹ̀, kó máa bọ̀ wá pa á. Báwo ló ṣe máa wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ?

Ohun kan ṣì kù tí n kò tíì rí ẹni tó ń sọ ọ́: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ohun tó dé ni ohun tó lọ? Èmi àti ayàwòrán kan ní Lagos Island ní ọgbọ́n kan. Bó bá ti parí iṣẹ́, á ṣí ojú dúdú Windows (Command Prompt), á tẹ `certutil -hashfile`, orúkọ fáìlì, àti SHA256. Kọ̀ǹpútà á tu ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde, lẹ́tà àti nọ́mbà 64. Bí àmì ìdánudúró kan bá yí padà nínú fáìlì, ọ̀rọ̀ náà á yàtọ̀ pátápátá. Èmi náà á ṣe é sí èyí tó dé ọwọ́ mi. Á pè mí: "Kí lo rí ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà?" Mo ní, "mẹ́jọ, c, méjì, f." Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́." A ò tíì jà láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ la máa ń jà lóṣooṣù tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe èyí tí òun fi ránṣẹ́ ni mo tẹ̀.

---

Alhaja Aláṣọ:

Ọmọ mi obìnrin ti gbé e sí i fún mi. Fọ́tò 612 ló wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lánàá, mo jókòó tì í, mo ń kà á. Mo ti bá àwọn méjì ní lẹ́ẹ̀nì wa sọ. Ọ̀kan ní ṣé ó lè gba ohùn náà, torí orí vóísì nóòtì làwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń ṣe àdéhùn owó.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Ó ń gbà á, Alhaja. N kò ronú kan ìyẹn rí. Kó wá síbí wá sọ bó ṣe ń ṣe é.

---

Ọmọ Bàríga:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Kàlẹ́ńdà ilé ìjọsìn kan, MB 640. Òsì sí ọ̀tún, SFTP, ojúlé 22. Ó dé ìdajì, wọ́n mú iná. Àyà mi já. Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, mo tún fà á, ó bi mí bóyá kí òun bò ó mọ́lẹ̀ tàbí kí òun máa bá a lọ. Mo tẹ "Resume". Ibi tó dúró sí ló ti gbà á. Mo wá pe atẹ̀wé náà, mo ní kó ka ìgbẹ̀yìn fún mi. Ó kọ́kọ́ rò pé orí mi ti dàrú. Ó kà á: e, mẹ́ta, ọ̀kan, b. Òun náà ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá mi ń gbọ́ wa, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ti iṣẹ́ mìíràn sí iwájú mi.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú:

O káre. Orúkọ wo lo sọ fáìlì náà?

---

Ọmọ Bàríga:

KÀLẸ́ŃDÀ FINAL FINAL.pdf

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.